Ẹ Bi Réwáyà: Ẹ́ńjìnì ń dún, láptọ́ọ̀pù ní òun ò rí i

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Réwáyà. Mẹkáníìkì ni mí ní Ṣágámù. Orí tírélà tókùnbọ̀ kan ló wà lọ́wọ́ mi, Freightliner Columbia ti ọdún 2001. Detroit Series 60 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀, lítà 12.7, DDEC IV ni brẹ́nbọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì. Ó ń jí dáadáa láàárọ̀, àmọ́ tó bá gbé ẹrù dé òkè, kì í fà mọ́, iná Check Engine á sì tàn. Mo ra adápítà USB-Link tó ń so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọkọ̀ ní Ladípọ̀, ẹni tó tà á fún mi kò sì purọ́, ó ní àdàkọ ni. Mo fi DDDL 8, sọ́fítíwíà Detroit tó ń ka ẹ́ńjìnì, sínú láptọ́ọ̀pù mi, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Tí mo bá so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì onípíìnì mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, iná adápítà á tàn, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù á ní òun ò rí ẹ́ńjìnì kankan. Mo wọn píìnì C àti D nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mítà fún mi ní 60 óòmù, wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ti pààrọ̀ okùn USB. Ọ̀gá kan ti wá wò ó, ó ní brẹ́nbọ́ọ̀sì ti kú, ká lọ wá òmíràn. Ọlọ́kọ̀ ò jẹ́ kí n sinmi. Ohun mìíràn tí mo tún kíyè sí ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti wá fi tírákà sínú ọkọ̀ náà, ọwọ́ RPM tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí sí máa ń já sí òdo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Ẹ gbà mí, sà.

ÌDÁHÙN

Àbúrò, o ṣeun tí o kọ ohun tí mítà sọ fún ọ. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń dé ọwọ́ mi, “ọkọ̀ mi ò ṣe dáadáa” ló máa ń wà nínú wọn, kò sí nǹkan mìíràn. Ìdí tí láptọ́ọ̀pù rẹ ò fi rí ẹ́ńjìnì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ó wà nínú ohun tí o kọ. Àmọ́ ìparí lẹ́tà lo fi ibẹ̀ sí, bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan.

Ká tó débẹ̀, jẹ́ ká yọ brẹ́nbọ́ọ̀sì kúrò nínú ẹjọ́ yìí. Ínjẹ́kítọ̀ mẹ́fà ló wà lórí Series 60, iná ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, brẹ́nbọ́ọ̀sì ló sì ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìgbà tí yóò tú epo àti iye tí yóò tú. Kò sí póǹpù àtijọ́ kan lẹ́yìn tí yóò bá a ṣe é. Bí brẹ́nbọ́ọ̀sì bá kú lóòótọ́, o máa yí kọ́kọ́rọ́ títí, sítátà á máa yí, ẹ́ńjìnì ò ní jí. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ó ti kú nígbà tí ẹ́ńjìnì ń dún létí rẹ, bi í pé ta ló ń pàṣẹ fún ínjẹ́kítọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lóòótọ́, apá kékeré tó fi ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ lè bàjẹ́ kí ìyókù sì máa ṣiṣẹ́. Mo ti rí i rí. Àmọ́ ibi tí a ń wò kẹ́yìn gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Àti pé tí ọlọ́kọ̀ bá tiẹ̀ ra òmíràn lọ́la, kí lo fẹ́ fi ṣe? Brẹ́nbọ́ọ̀sì tókùnbọ̀ ti wá pẹ̀lú ètò ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u. Agbára ẹ́ńjìnì tibẹ̀ àti nọ́ńbà ínjẹ́kítọ̀ tibẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. O gbọ́dọ̀ fi láptọ́ọ̀pù wọlé láti ṣe é bá ẹ́ńjìnì tìrẹ mu. Ojú ọ̀nà tí o máa gbà wọlé kò sì yàtọ̀ sí èyí tó dí mọ́ ọ lọ́wọ́ báyìí. Owó á ti lọ, ìṣòro á ṣì wà níbẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí kò gba kọ́bọ̀, tí kò sì gba láptọ́ọ̀pù. Yí kọ́kọ́rọ́ sí iná, má ṣe jẹ́ kó jí. Iná méjì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, Check Engine tó pupa rẹ́súrẹ́sú àti Stop Engine tó pupa, kí wọ́n dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí wọ́n tó kú. Brẹ́nbọ́ọ̀sì ló ń tàn wọ́n. Tí o bá wá tẹ súìṣì àyẹ̀wò, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, nọ́ńbà ló sì ń kà fún ọ: tó bá ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mejì, tó dúró díẹ̀, tó tún ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀márùn-ún, 25 nìyẹn, ìyẹn ni pé kò sí ẹ̀sùn kankan. Nọ́ńbà mìíràn tó bá jáde, kọ ọ́ sílẹ̀. Láyé tí láptọ́ọ̀pù ò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, ọkọ̀ sì ń lọ.

Ó kan sọ́kẹ́ẹ̀tì wàyí. Wo ojú rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, wàá rí lẹ́tà wínníwínní lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì kọ̀ọ̀kan. A ni ẹ́ẹ̀tì, B ni iná bátìrì. C àti D ni wáyà J1939. F àti G ni wáyà J1708. Ọ̀nà méjì tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí fi ọ̀nà méjì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ibẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ ti yẹ̀. 60 óòmù tí o rí lórí C àti D dára, torí pé rẹsísítọ̀ 120 óòmù méjì ló wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì J1939. Mítà rẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n DDEC IV kì í gba ibẹ̀ bá sọ́fítíwíà Detroit sọ̀rọ̀! J1708 ló ń lò, F àti G. Ọ̀nà tí wọn ò gbà lo yẹ̀ wò, o sì rí i pé ó mọ́.

Èyí tún gbé wa dé DDDL 8. Àwọn ẹ́ńjìnì tó dé lẹ́yìn, láti DDEC VI sókè, ni wọ́n ṣe é fún. DDEC IV kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ìran 6.5 ni kí o wá. Bí gbogbo wáyà inú ọkọ̀ yẹn bá tiẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́, DDDL 8 á ṣì máa sọ fún ọ pé òun ò rí nǹkan kan. Nítorí náà, ohun méjì ló lè máa dà ọ́ láàmú nígbà kan náà, má jẹ́ kí ọ̀kan tí o bá rí mú ọ gbàgbé èkejì.

Ó yá, tírákà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ìgbà náà, wáyà tí brẹ́nbọ́ọ̀sì fi ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ náà ló fi ń sọ iye RPM àti ìwọ̀n gbígbóná omi fún dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí ọwọ́ RPM bá ń já sí òdo nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré, kì í ṣe ọwọ́ yẹn ló ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ìwọ alára sì ní ìgbà tí wọ́n fi tírákà sí i ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń fi tírákà sínú ọkọ̀ kì í fẹ́ kó mọ sórí iná bátìrì nìkan, wọ́n fẹ́ ka epo àti RPM kí ọlọ́kọ̀ lè mọ̀ bóyá awakọ̀ ń tà dísẹ́ẹ̀lì lọ́nà. Wọ́n á bó ara wáyà J1708, wọ́n á lọ́ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n á fi téèpù dì í. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣi F fún G, tàbí tí tírákà náà bàjẹ́ nínú, gbogbo wáyà yẹn á dákẹ́, torí pé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ jọ ń lo òun nìkan náà ni: ẹ́ńjìnì, ABS tó ń bójú tó bíréèkì, dáṣíbọ́ọ̀dù, àti láptọ́ọ̀pù tìrẹ.

Tú dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ìsàlẹ̀, tẹ̀lé wáyà tírákà láti ibi tó ti gba iná títí dé ibi tó lọ. Yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe kí o yọ fíúsì rẹ̀ nìkan o, torí pé tírákà tí kò ní iná lára lè ṣì máa fa wáyà sílẹ̀. Sọ fún ọlọ́kọ̀ kí o tó yọ ọ́, kó má lọ rò pé ẹnì kan fẹ́ jí ọkọ̀ gbé. Tí ọwọ́ RPM bá dúró gbọn-in lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé o ti rí i.

Bóyá ó dúró o, bóyá kò dúró, wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí. Kọ́kọ́ wọn B sí A. Bátìrì tó sinmi gbọ́dọ̀ fún ọ ní nǹkan bíi 12.6 fóòtì. Má ṣe gba mítà gbọ́ níbi yìí. Wáyà tó ti jẹrà tí ó ku okùn kan ṣoṣo á ṣì fi 12 hàn lójú mítà, nítorí mítà kì í fa iná. Mú gílóòbù bíréèkì ẹ̀yìn ọkọ̀, so wáyà méjì mọ́ ọn, fi kan B àti A. Tó bá tàn rekete, iná wà. Tó bá tàn bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀, wáyà tàbí fíúsì ló ní ẹjọ́, tàbí ẹ́ẹ̀tì. Èyí tún jẹ́ kí n rántí iná adápítà tí o ní ó ń tàn: yọ ọ́ kúrò lára láptọ́ọ̀pù, so ó mọ́ ọkọ̀ nìkan. Ṣé ó ṣì tàn? Tí kò bá tàn, USB ló ti ń fún un ní iná látọjọ́ yìí, ọkọ̀ ò fún un ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ sí iná, wọn F sí A, kí o wọn G sí A. Àwọn nọ́ńbà náà á máa jó díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá. Ohun tí mo fẹ́ rí ni pé F ga ju G lọ, F lókè 2.5 fóòtì, G nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí méjèèjì bá jọ ara wọn, tàbí tí wọ́n jẹ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn níbì kan, tàbí nǹkan kan ti fà wọ́n sílẹ̀. Tí o bá rí 12 fóòtì lórí ọ̀kan nínú wọn, dúró, má so adápítà rẹ mọ́ ọn, ẹnì kan ti fi wáyà iná kan ibi tí kò yẹ. Ìwọ náà ṣọ́ra kí ẹnu mítà rẹ má lọ so B pọ̀ mọ́ píìnì tó kù, ọwọ́ ẹni náà ló máa ń dá wàhálà tí a ò ní tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Bí tírákà bá ti kúrò tí F àti G ò tíì gbé orí, ABS ló kàn. Yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí o tún wọ̀n. Dá a padà, yọ ti dáṣíbọ́ọ̀dù, tún wọ̀n. Èyí tí o bá yọ tí F àti G jí dìde, òun ni.

Wo píìnì náà pẹ̀lú ojú. Ọkọ̀ tókùnbọ̀ tó ti rí yìnyín àti iyọ̀ ojú títì lọ́hùn-ún, àwọ̀ ewé sábà máa ń wà lára píìnì rẹ̀. Contact cleaner àti búrọ́ṣì ìfọyín tó ti gbó ni mo ń lò. Mo ti rí ẹni tó fi sáńpépà fọ̀ ọ́ tí píìnì náà tín-ín-rín débi pé kò di okùn mú mọ́. Tí píìnì kan bá sì wọlé sẹ́yìn ju àwọn tó kù lọ, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì náà síta, fi ọwọ́ tì í padà láti ẹ̀yìn títí tí wàá fi gbọ́ ìró “kẹ́”.

Láptọ́ọ̀pù ló kẹ́yìn, ìdí tí mo fi fi sẹ́yìn ni pé gbogbo èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣí Device Manager, wò ó bóyá àmì ofeefee wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adápítà. Bí ó bá wà, sọ́fítíwíà adápítà náà ò wọlé dáadáa, yọ ọ́, kí o tún fi í sí i. Nínú C:\Windows, wá fáìlì kan tó ń jẹ́ RP121032.INI, fi Notepad ṣí i. Orúkọ sọ́fítíwíà àwọn adápítà tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn ló wà níbẹ̀. Bí tìrẹ ò bá sí níbẹ̀, DDDL ò lè mọ̀ pé ó wà láyé. Nínú DDDL fúnra rẹ̀, yan adápítà náà lórúkọ, kí o sì rí i pé J1708 lo yàn. Adápítà yìí sábà máa ń wá pẹ̀lú ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Device Tester. Kọ́kọ́ fi ìyẹn dán J1708 wò: kọ́kọ́rọ́ sí iná, kí iye ọ̀rọ̀ tó ń wọlé máa gùn sókè. Bó bá ń gùn, tí DDDL ṣì ń jiyàn, ọ̀rọ̀ DDDL ni, ọkọ̀ ti bọ́ nínú ẹ̀. Jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa lo bátìrì tirẹ̀, yọ ṣájà. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú lára bátìrì ọkọ̀ máa ń da ariwo sórí wáyà.

Tí o bá ti wọlé, má ṣe sáré pa àwọn ẹ̀sùn rẹ́. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo wọn, àwọn tó wà báyìí àti àwọn tó ti kọjá, pẹ̀lú wákàtí ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tí kì í fà lórí òkè, mo fẹ́ kó o wo atẹ́gùn tọ́bò nígbà tó bá gbé ẹrù. Rọ́bà tó so tọ́bò mọ́ kúlà atẹ́gùn sábà máa ń ya níbi tí ojú ò tó. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi nígbà náà.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Réwáyà, ẹ ǹlẹ́ o. Mo ní orí tírélà Mack kan tó ń kó sìmẹ́ńtì. Awakọ̀ mi pe wẹ́dà ní Ògèrè kó bá a jó ibi tó ya lára ṣáàsì. Wọ́n jó o tán, ọkọ̀ ò jí mọ́. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wá, kò rí nǹkan kan. Awakọ̀ ní kò sí ohun tí òun ṣe, wẹ́dà náà ní kò sí ohun tí òun ṣe. Ta ni kó san owó ẹ̀? Àlàájà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àlàájà. Iṣẹ́ adájọ́ ni ẹ gbé fún mi yìí. Tiyín yàtọ̀ sí ti ará Ṣágámù tó wà lókè yìí o. Níbi tí ẹ́ńjìnì ò ti jí, tí iná wẹ́dà sì ti kọjá lára ọkọ̀, mo gbà pé kí a fura sí brẹ́nbọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ẹ má tíì ná owó kankan. Ẹ ní kí réwáyà yẹ àwọn fíúsì tó ń fún brẹ́nbọ́ọ̀sì ní iná wò, àwọn tó wà nítòsí bátìrì àti àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi gílóòbù dán an wò, kì í ṣe kó kàn wò ó lójú. Kó tú orí ẹ́ẹ̀tì tó wà lára ẹ́ńjìnì àti ti ṣáàsì, kó fọ̀ wọ́n. Iná wẹ́dà máa ń gba ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì lè jó wáyà ẹ́ẹ̀tì kan láì jó nǹkan mìíràn. Bí iná bá dé brẹ́nbọ́ọ̀sì tí ẹ́ẹ̀tì sì dé ibẹ̀, tí ẹ́ńjìnì ò ṣì jí, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ẹni tó ń tún inú rẹ̀ ṣe kí ẹ tó ronú àtira òmíràn.

Ní ti owó, awakọ̀ yín ló mọ ọkọ̀, òun ló yẹ kó ní kí wọ́n tú orí bátìrì méjèèjì kí wẹ́dà tó tan iná, kí wọ́n sì yọ púlọ́ọ̀gì brẹ́nbọ́ọ̀sì. Wẹ́dà náà ló yẹ kó fi ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ há ibi tó fẹ́ jó gan-an, kì í ṣe ní ìdí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tó há ẹ́ẹ̀tì náà sí, ẹ máa mọ ẹni tí ẹ máa bá jà.

ÌBÉÈRÈ

Sà, mo ń kọ́ iṣẹ́ réwáyà ní Ìlọrin. Ọ̀gá mi ní adápítà USB-Link. Ṣé mo lè fi í ka DAF 95XF? Fóòtì 24 ni ọkọ̀ náà.

ÌDÁHÙN

Rárá. Adápítà ọ̀gá rẹ, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń sọ J1708 àti J1939 ni wọ́n ṣe é fún. DAF ní ọ̀nà tirẹ̀, DAVIE ni sọ́fítíwíà rẹ̀ ń jẹ́, ó sì ní adápítà tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí o tó so adápítà èyíkéyìí mọ́ ọkọ̀ 24 fóòtì, yí i padà kí o ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó lè gba 24, fi í sílẹ̀ nínú àpò ọ̀gá rẹ, kí ó má bàa di pé ìwọ lo máa san án.